Ẹ Máa Ka Ẹ̀yìn Àwo

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ irú orin tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín lóru. Rọ́ọ̀kì tí kò ní ègbè tí èèyàn lè gbè, tí ìlù rẹ̀ ti yí padà kí ẹsẹ̀ tó mọ ibi tó máa gún. Jáàsì tí onífèrè rẹ̀ ń pariwo, tó ń kérora, tó sì máa ń dákẹ́ lójijì. Àwọn òbí yín ń ní kí ẹ yí i sílẹ̀. Ní tèmi, inú mi dùn pé etí yín ti dé ibẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí kò sì tíì yọ ọ́ kúrò lára mi. Nítorí náà n kò ní bá yín wí lórí ohun tí ẹ ń gbọ́. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà pín in fún ara yín ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Orin ń ti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹnìkejì láàárín yín láìlórúkọ. Àwòrán àwo kan, ọ̀rọ̀ méjì pé "gbọ́ eléyìí", ó parí. Bí mo bá bi yín léèrè ẹni tó lu ìlù, orúkọ ẹgbẹ́ lẹ ó sọ fún mi. Bí mo bá bi yín pé níbo ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, irú orin tó jẹ́ lẹ ó sọ: progressive ni, avant-garde ni. Yorùbá kì í kí èèyàn kó má mọ orílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí a bá pe orúkọ rẹ̀ lásán láìki oríkì rẹ̀, a kò tíì pè é tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin tí ẹ fi ránṣẹ́ láìsọ ọwọ́ tó ṣe é. Ẹ máa ka ẹ̀yìn àwo. Ìmọ̀ràn mi nìyẹn, àlàyé rẹ̀ ló kù.

Nígbà tiwa, ẹ̀yìn páálí àwo ni orúkọ máa ń wà: onígìtá, onílù, ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, oṣù àti ọdún. Àwo ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì wọ́n, a ó máa ka ẹ̀yìn rẹ̀ títí a ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Fóònù yín ti bo gbogbo ìyẹn mọ́lẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ àti àwòrán kékeré ló ń fi hàn yín. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ náà kò sọnù. Ẹ tẹ orúkọ àwo sínú Discogs lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó bá ohun tó wà lẹ́yìn páálí níbẹ̀, kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú orúkọ ẹyọ kan fún yín kí ẹ rí ohun tí mò ń wí. Ní ọdún 1974, Robert Wyatt gbé àwo kan jáde tó pè ní Rock Bottom. Onílù ni Wyatt tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Soft Machine. Ní oṣù kẹfà ọdún 1973, ó já bọ́ láti ojú fèrèsé òkè, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà tó fi parí àwo yẹn. Nick Mason ti ẹgbẹ́ Pink Floyd ló bójú tó ìgbasílẹ̀ rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì sì mọ àwo náà dáadáa. Nínú orin kẹta, fèrè trumpet kan wọlé, ó di méjì, ó di mẹ́ta, wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n ń lé ara wọn kiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbọ́ ọ, á wù wọ́n, wọ́n á sì kọjá lọ. Ẹni tó bá ka ẹ̀yìn àwo á rí orúkọ onífèrè náà: Mongezi Feza.

Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni Feza. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Blue Notes. Òyìnbó ni Chris McGregor tó ń tẹ pìánò wọn. Aláwọ̀ dúdú làwọn yòókù: Dudu Pukwana, Nikele Moyake, Johnny Dyani, Louis Moholo àti Feza fúnra rẹ̀. Lábẹ́ òfin apartheid, ọ̀ràn ni kí dúdú àti funfun jọ dúró ṣeré fún àwọn èèyàn lórí ìtàgé kan náà. Ní 1964, wọ́n pè wọ́n sí àjọ̀dún jáàsì kan ní Antibes ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n lọ. Yàtọ̀ sí Moyake tó padà sílé láìpẹ́, ìgbèkùn ni ìrìn àjò náà dà fún wọn. Wọ́n gba Swítsàlandì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1965.

Ohun tí wọ́n gbé dé Lọ́ńdọ̀nù wọ inú orin àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ lọ ṣinṣin. Keith Tippett, ọmọ ìlú Bristol tó ń tẹ pìánò, sún mọ́ wọn. Tippett yìí kan náà ló tẹ pìánò nínú àwo King Crimson tí ẹ ń pè ní Lizard, èyí tó jáde ní 1970. Ó tún kó nǹkan bí olórin 50 jọ sábẹ́ orúkọ Centipede, àwo wọn Septober Energy jáde ní 1971, Robert Fripp ti King Crimson ló sì bójú tó o. Feza wà níbẹ̀. Pukwana wà níbẹ̀. Wyatt náà wà níbẹ̀, ó ń lu ìlù, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni Pukwana, Feza àti Moholo gbé àwo jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ Assagai, Fred Coker, ọmọ Nàìjíríà, sì wà lára wọn. Ẹ rí i bí ọ̀nà náà ṣe ń là?

Feza kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 1975. Òtútù àyà ló pa á, ọmọ 30 ọdún ni. Kí oṣù náà tó parí, McGregor, Pukwana, Dyani àti Moholo wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n sì fi ohun èlò wọn sunkún ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n pe àwo náà ní Blue Notes for Mongezi. Ilé iṣẹ́ kékeré tó gbé e jáde ń jẹ́ Ogun, Harry Miller, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ń ta báàsì, àti Hazel ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti sin ọ̀rẹ́ ní ìgbésí ayé mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí èrò bá ti túká, àwo yẹn ni mo máa ń gbé sórí ẹ̀rọ. Kò sí orin arò tí mo mọ̀ tó wọ èèyàn lọ́kàn báyẹn, kò sì sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Gbogbo èyí jáde láti inú orúkọ ẹnìkan ṣoṣo lẹ́yìn páálí. Bó bá jẹ́ pé irú orin nìkan lẹ ń tọ̀, rọ́ọ̀kì ì bá wà níhìn-ín, jáàsì Gúúsù Áfíríkà ì bá wà lọ́hùn-ún, ẹ kì bá tí mọ̀ pé àwọn èèyàn kan náà ló ń wọlé tó ń jáde láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń ta orin ló ń pín in sí ọ̀wọ́ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa tò ó sí. Olórin kì í bẹ̀rù láti kọjá ààlà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rù.

Ọ̀nà mìíràn wà tó gba ẹnu ilé wa gan-an kọjá. Babatunde Olatunji, ọmọ Ajido lẹ́bàá Badagry, lọ kàwé sí Amẹ́ríkà ní 1950. Àwo rẹ̀ Drums of Passion jáde ní 1960, ìlù àti orin ilé wa ló kún inú rẹ̀. Nínú àwo Max Roach tó ń jẹ́ We Insist!, tó jáde ní ọdún kan náà, ọwọ́ Olatunji wà nínú ìlù ibẹ̀. John Coltrane fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ṣe orin kan ní 1962 tó fi orúkọ rẹ̀ pè: Tunji. Nígbà tó yá, Olatunji ṣí ilé àṣà Áfíríkà kan sí 125th Street ní Harlem. Ibẹ̀ ni Coltrane ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, kò sì tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú. Wọ́n gba eré yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n 2001 ni àwo náà tó jáde. Ohùn rẹ̀ kò mọ́, ariwo bo ohun èlò, ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ kò ní lè jókòó tì í. Ẹ jókòó tì í. Orúkọ orin àkọ́kọ́ ni Ogunde. Kí ẹ wá ka orúkọ àwọn tó ṣeré: Pharoah Sanders, Alice Coltrane, Rashied Ali, Jimmy Garrison, àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Algie DeWitt. Ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ DeWitt ni bàtá.

Ẹ dúró lórí ìyẹn díẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin tó gbé jáàsì dé ibi tó jìnnà jù lọ ń ṣe ọ̀kan nínú eré tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ìlù bàtá ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ilé ọmọ Ajido. Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ tó mọ Coltrane dáadáa pàdé tí wọn kò mọ èyí, nítorí pé fóònù kò sọ fún wọn.

Láti ibẹ̀, ẹ tẹ̀lé Coltrane lọ sí Párís. Onílù kan wà níbẹ̀, Christian Vander, tí ikú Coltrane dà láàmú gidigidi. Ní 1969 ó dá ẹgbẹ́ Magma sílẹ̀, ó sì dá èdè tirẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń fi kọrin, Kobaïan. Mëkanïk Dëstruktïẁ Kömmandöh, tó jáde ní 1973, ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi mọ̀ wọ́n. Àwọn tí kò mọ ìtàn rẹ̀ máa ń rò pé láti ojú ọ̀run ni irú orin bẹ́ẹ̀ já bọ́. Ẹni tó bá gbọ́ bí Vander ṣe ń lu ìlù á mọ̀ pé ó tọ ipasẹ̀ Elvin Jones, onílù Coltrane.

Ó dá mi lójú pé ẹ mọ No Agreement tí Fela ṣe ní 1977. Ta ló fọn fèrè trumpet tí kò jọ ti àwọn yòókù nínú rẹ̀? Lester Bowie ni, ti Art Ensemble of Chicago. Bowie wá sí Èkó ní ọdún yẹn, ó sì gbé lọ́dọ̀ Fela fún oṣù bíi mélòó kan. Inú AACM ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde, ìyẹn ẹgbẹ́ tí àwọn olórin dúdú dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1965 kí wọ́n lè máa ṣe orin ara wọn, kí wọ́n sì máa ṣètò eré ara wọn láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977 yẹn náà, Sun Ra àti Arkestra rẹ̀ ṣeré ní Èkó níbi àjọ̀dún FESTAC. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àti bàbá àgbà yín wà níbẹ̀. Ẹ ti bi wọ́n rí?

N kò ní pẹ́ lórí Kúbà àti Bràsíl, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fò wọ́n. Ní Havana, Carlos Alfonso àti Ele Valdés dá ẹgbẹ́ Síntesis sílẹ̀ ní 1976. Rọ́ọ̀kì progressive ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1987, wọ́n gbé àwo Ancestros jáde, wọ́n kó orin òrìṣà tí àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ibẹ̀ sínú rọ́ọ̀kì wọn, láàárín gìtá iná. Bí ọmọ Yorùbá bá fetí sílẹ̀ dáadáa, á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Ní Salvador, Letieres Leite dá Orkestra Rumpilezz sílẹ̀ ní 2006, ó fi ìlù ẹ̀sìn Candomblé sí àárín, ó sì mú kí àwọn onífèrè máa tẹ̀lé ìlù. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tó ń pín orin fún ara yín, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yín. Ẹ wo Henry Cow. Fred Frith àti Tim Hodgkinson ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà ní Yunifásítì Cambridge ní 1968. Virgin gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973, ṣùgbọ́n orin wọn kì í ṣe èyí tí ọjà ń wá. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n ń ṣeré kiri Yúróòpù, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí orin wọn le tó tiwọn, tí kò ní ẹni tó máa gbé wọn jáde lórílẹ̀-èdè mìíràn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1978, Henry Cow pe mẹ́rin nínú wọn wá sí New London Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù: Stormy Six láti Ìtálì, Samla Mammas Manna láti Swídìn, Univers Zero láti Bẹ́ljíọ̀m, àti Etron Fou Leloublan láti Faransé. Rock in Opposition ni wọ́n pe ara wọn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún pàdé ní Milan, Art Zoyd, Aksak Maboul àti Art Bears sì dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ kó tó túká. Rédíò kò gbé wọn sókè, wọn kò dé orí àtẹ orin tó ń tà jù. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà ń gbọ́ Univers Zero lónìí. Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ yín? Chris Cutler, onílù Henry Cow, dá Recommended Records sílẹ̀ ní 1978, ó ń fi àwo ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Ní Maryland ní Amẹ́ríkà, Cuneiform Records ń ṣe irú iṣẹ́ náà láti 1984. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, olùgbọ́ lásán ló kù: ẹni tó dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ọ̀rẹ́, tó fi ọwọ́ kọ orúkọ àwọn olórin sára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, tó sì kọ lẹ́tà tẹ̀ lé e pé ibí ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 2007, orin náà ṣì lágbára débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún kan tó ń jẹ́ Rock in Opposition ní gúúsù Faransé.

Nítorí náà ẹ ṣe é dáadáa. Ẹ má ṣe da àwo 20 lé ọ̀rẹ́ yín lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fún un ní orin kan. Ẹ sọ fún un ohun tí etí yín gbọ́ níbẹ̀, ní ọ̀rọ̀ ara yín: pé ní ìṣẹ́jú kẹrin báyìí, fèrè bassoon wọlé lábẹ́ gìtá, kó fetí sí i. Ẹ sọ ẹni tó fọn ọ́n. Kí ẹ wá fún un láyè. Living in the Heart of the Beast tí Henry Cow gbà sílẹ̀ ní 1975 lé ní ìṣẹ́jú 15, kò ṣeé gbọ́ nínú dánfó pẹ̀lú íápíìsì etí kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tó ní kò yé òun kò jẹ̀bi, kò yé èmi náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí ohun tó burú nínú kí nǹkan má tètè yéni. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó sì ní òun kò fẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jọ máa ṣọ̀rẹ́ yín lọ.

Ẹ má ṣe fi orin díwọ̀n ọgbọ́n èèyàn. Mo rí ìwà yìí láàárín àwọn kan nínú yín, ó sì dùn mí. Ẹ ń sọ̀rọ̀ fújì àti jùjú bí ẹni pé ohun tí àwọn tí kò mọ nǹkan ń gbọ́ ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé King Sunny Adé ló gbé gìtá Hawaii wọ inú jùjú, tí Demola Adepoju ń ta á, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀? Ṣé ẹ ti jókòó ti ẹgbẹ́ onídùndún rí, kí ẹ gbìyànjú láti ka ẹsẹ̀ ìlù mẹ́ta tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìyáàlù sì ń sọ̀rọ̀ lórí wọn? Etí tí ilé yín fún yín ló jẹ́ kó rọrùn fún yín láti gbọ́ ohun tó ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ òyìnbó. Ẹni tó bá tàbùkù sí fújì nítorí pé ó ti gbọ́ Magma kò tíì gbọ́ Magma yé.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n máa ń fi ohun tí wọ́n rí pamọ́ kí àwọn nìkan lè mọ̀ ọ́n. Ẹ má bá wọn kẹ́gbẹ́. Orin kì í dín kù bí a bá fún ẹlòmíì gbọ́. Nígbà tí Tony Allen, tó wá di onílù Fela, ń kọ́ ìlù ní Èkó, inú ìwé ìròyìn DownBeat ti Amẹ́ríkà ló ti rí ẹ̀kọ́ Max Roach lórí háì-hàátì, ìyẹn àwo irin méjì tí onílù ń fi ẹsẹ̀ pa dé. Ẹnìkan kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀ lókè òkun, ó la òkun kọjá, ó sì bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan l'Ékòó. Gbogbo ayé ń jó ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti sé e mọ́nú ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, mo mọ bí náírà ṣe rí. Ṣùgbọ́n àwọn olórin wọ̀nyí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti darúgbó. Àwo kan ṣoṣo tí ẹ bá rà tààrà lọ́wọ́ olórin níye lórí ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà tí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2020 ni Bandcamp, ibi tí olórin ti ń ta orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti máa ń yan àwọn ọjọ́ Ẹtì kan tí kì í gba ìpín tirẹ̀, tí owó náà fi ń lọ sọ́dọ̀ olórin. Ẹ dá owó jọ, ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ ra ọ̀kan lóṣù, kí ẹ jọ jókòó gbọ́ ọ nínú yàrá kan náà láìfọ̀rọ̀ wérọ̀. Ìgbádùn ibẹ̀ yàtọ̀.

Fèrè bassoon tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Lindsay Cooper ló ń fọn ọ́n nínú Henry Cow láti 1974. Obìnrin náà wà lára àwọn tó dá Feminist Improvising Group sílẹ̀ ní 1977, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ló kún gbogbo ìtàgé irú orin yẹn. Àìsàn kan tó ń jẹ iṣan ara ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ń ṣiṣẹ́ lọ láìjẹ́ kí aráyé mọ̀, títí ara kò fi gbà á mọ́. Ó kú ní 2013. Ní oṣù Kọkànlá 2014, àwọn tó bá a ṣeré nínú Henry Cow àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù tún kóra jọ, wọ́n sì fi orin rẹ̀ ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Huddersfield àti ní Forlì ní Ìtálì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Henry Cow ti túká ṣáájú ìgbà náà. Èmi kì í lè sọ̀rọ̀ nípa Henry Cow kí n má dárúkọ Lindsay Cooper, mo sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin náà.

Iṣẹ́ kan wá kù tí ẹ̀yin nìkan lè ṣe. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ wa náà ṣe rọ́ọ̀kì tí kò tọ ọ̀nà ẹnikẹ́ni. BLO gbé Chapter One jáde ní 1973: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins lórí ìlù, Mike Odumosu lórí báàsì. Àwọn orúkọ yẹn wà lákọsílẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn kò sí. Orúkọ olórí ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n kọ sẹ́yìn páálí, wọ́n fi onígìtá, onífèrè àti onílù sílẹ̀. Àwọn olórin náà ti di bàbá àti ìyá arúgbó, wọ́n wà ní àdúgbò yín, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí yín. Àwọn ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ti ń tún àwo wọn tẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa sọ ẹni tó ṣe kí ni.

Ẹ gbé fóònù yín lọ bá wọn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ fi àwo náà dún sí wọn létí, kí ẹ bi wọ́n ta ló wà nídìí ìlù, ta ló fọn fèrè, inú yàrá wo ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ kí orúkọ má bàa yí padà. Bí ẹ bá wá fẹ́ fi orin náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín, ẹ fi orúkọ wọn ṣáájú.